Bàbá ọkọ mi 78, ẹlẹgbẹ́ mi 34: kí ni ọjọ́ orí ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sí ọpọlọ?

ÌyáÌbejì:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹni méjì tí mo mọ̀ bí ẹni mowó ni ẹ̀jẹ̀ dà sí lágbárí. Àkọ́kọ́ ni bàbá ọkọ mi, ẹni ọdún 78. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe ń dìde ni wọ́n fi àtàrí gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò bẹ́, kò wú, wọn ò tilẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Wọ́n á gbé ṣíbí, á já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n ń fi pe ọkọ mi. A ní ogbó ti dé nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n ya àwòrán orí wọn la tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti kóra jọ sáàárín agbárí àti ọpọlọ.

Ẹnì kejì ni ọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọdún 34. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rọra yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Ti òun, inú ọpọlọ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ dà sí. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà, 220 lórí 130. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní in, òun alára ò mọ̀.

Gbogbo èèyàn ń sọ pé àrùn àgbàlagbà ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún 34? Èmi 51 ni mí. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo dúró sí.

Ọ̀rọ̀Àgbà:

Ọjọ́ orí ni, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Páìpù tó ti lo ọdún 70, ṣé kò ní jò ni? Ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn, àfi kó jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rọ̀Àgbà, ìdajì ni mo gbà nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ọdún 19 nìyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àrùn ọpọlọ. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní "ẹ̀jẹ̀ dà sí i lọ́pọlọ", àrùn kan ṣoṣo kọ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti yọ ló ń sọ irú èyí tó jẹ́, ọjọ́ orí ló sì sábà máa ń sọ ibi tó máa ti yọ. Ohun tó ṣe bàbá yẹn àti ohun tó ṣe ẹlẹgbẹ́ yín ò bá ara wọn tan rárá, àfi pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ti bàbá bẹ̀rẹ̀. Awọ líle kan wà tó tẹ́ inú agbárí bí aṣọ ìtẹ́nú ẹ̀wù, abẹ́ rẹ̀ ni ọpọlọ wà. Àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ojú ọpọlọ lọ sínú awọ yẹn, bí okùn tí wọ́n ta láti ògiri kan dé èkejì. Ní ọdún 25, ọpọlọ kún agbárí, okùn náà dẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ọpọlọ ń súnkì díẹ̀díẹ̀, agbárí ò sì bá a súnkì. Àlàfo dé sáàárín, okùn wá nà tàn-ìn. Bí orí bá mì jìgì, ọ̀kan nínú wọn lè já, ìgbà mìíràn wà tí orí ò tilẹ̀ gbá nǹkan kan.

Ẹ̀jẹ̀ inú irú iṣan bẹ́ẹ̀ kì í tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Ó ń ro tó, tó, tó. Àyè sì wà fún un láti máa kóra jọ sí, ìyẹn ló ṣe ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, kó tó tẹ ọpọlọ débi tí ẹsẹ̀ á fi máa wọ́. Àwọn ará ilé á ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni forí gbá nǹkan. Ọ̀pọ̀ irú àwọn bàbá àti ìyá yìí ni wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa pé "wọ́n ń ṣarán". Ọtí àmujù náà máa ń mú ọpọlọ súnkì kó tó tó àsìkò, nítorí náà mo ti rí i lára ẹni 50.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn?

ÌyáÌbejì:

Wọ́n ti ṣe é. Ihò méjì ni wọ́n lu. Ọkọ mi ní àwọ̀ ohun tó jáde dà bí epo ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó ti gbó.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ ni. Inú mi dùn. Ẹ ṣọ́ wọn o, ó lè padà kóra jọ láàárín oṣù díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹ má dúró wò ó.

Ọ̀dọ́_Òní:

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, tèmi dáa nìyẹn. 29 ni mí, okùn tèmi ṣì dẹ̀. Mo lè máa gun kẹ̀kẹ́ mi lọ láìdé akoto 😀

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Àbúrò, ẹ dé akoto yín. Tiyín tún burú ju ti bàbá lọ, torí pé wákàtí ni tiyín, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Awọ líle tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ orí yín, kò tíì lẹ̀ mọ́ egungun agbárí pinpin. Egungun ẹ̀bátí sì fẹ́lẹ́, iṣan ńlá kan tó ń gba ẹ̀jẹ̀ tààrà láti ọkàn ló gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí egungun yẹn bá sán, ó lè gé iṣan náà. Bí ọkàn ṣe ń lù kì, kì, kì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ á máa ti awọ kúrò lára egungun. Lára ẹni tó ti lé ní 60, awọ ti lẹ̀ típẹ́típẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè wọ ibẹ̀. Nítorí náà àrùn ọ̀dọ́ ni èyí.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀ ni pé ẹni náà lè dákú díẹ̀, kó jí, kó máa rẹ́rìn-ín, kó ní kò sí nǹkan kan. Natasha Richardson, òṣèré fíìmù, ẹni ọdún 45 ni ní oṣù kẹta ọdún 2009 tó ṣubú níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín ní Kánádà. Ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, ọkọ̀ tó wá gbé aláìsàn sì padà lófìfo. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló kú.

Ọ̀dọ́_Òní:

Ẹ ti sọ mí dákẹ́.

Apoògùn_Arúgbó:

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú tí mo bá béèrè: bàbá ń lo oògùn kankan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Warfarin, àwọn tuntun bí apixaban, tàbí aspirin pàápàá?

ÌyáÌbejì:

Aspirin, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyọ kan láràárọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn ló ní ó dáa fún ọkàn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Dókítà kankan ò kọ ọ́ fún wọn.

Apoògùn_Arúgbó:

Mo fura sí i. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yẹn, àwa apoògùn náà ti gbà á gbọ́ rí.

Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, ASPREE lorúkọ rẹ̀. Àwọn 19,114 ni wọ́n kó jọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti pé 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn ọkàn ò sì ṣe wọ́n rí. Wọ́n fún àwọn kan ní mílígíráàmù 100 aspirin lójoojúmọ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn ẹ̀tàn, èyí tí kò sí aspirin nínú rẹ̀. Ọdún 2018 ni èsì jáde. Aspirin ò fi bẹ́ẹ̀ dá àrùn ọkàn dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dà ju ti ìyókù lọ. Ní 2023 wọ́n ka ti orí nìkan: 108 nínú àwọn tó ń lo aspirin ni ẹ̀jẹ̀ dà sí lágbárí, 79 nínú àwọn tí kò lò ó. Iye yẹn kéré lójú ẹni tó bá ń wo 19,000, àmọ́ ẹni tí kò nílò oògùn yẹn rárá ni gbogbo wọn. Láti 2022 ni ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn ti ní kí ẹni tó bá ti pé 60 má ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ aspirin torí àtidènà àrùn ọkàn tí kò tíì ṣe é.

Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má ka èyí kó wá da oògùn rẹ̀ nù o! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ rí, ẹni tí wọ́n fi irin ṣí iṣan ọkàn rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dá rọpárọsẹ̀ sí lára, tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá kọ ọ́ fún yín ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀Àgbà:

Ṣé ẹ rí i? Àwọn oògùn yìí kan náà, ọmọ ogójì ọdún á lò ó, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ọjọ́ orí náà nìyẹn.

Apoògùn_Arúgbó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọjọ́ orí fi pamọ́ síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan.

Èròjà purotéènì kan wà tó ń kóra jọ sára ògiri àwọn iṣan kéékèèké tó wà lójú ọpọlọ bí èèyàn ṣe ń dàgbà. Amyloid ni wọ́n ń pè é, òun náà ló ń kóra jọ nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé. Iṣan tó bá ti jẹ́ pé èròjà yẹn ló rọ́ sí i lára á di gbẹgẹdẹ bí ìkòkò tó ti sán. Kì í sábà hàn kéèyàn tó lé ní 50, lẹ́yìn 70 ló wá ń gbilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá, ìtòsí ojú ọpọlọ ló máa ń wà, ó sì máa ń padà wá. Àwòrán MRI lè fi àmì tíntìntín dúdú dúdú hàn, níbi tí iṣan ti jò rí láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Ẹ wá fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lé irú iṣan bẹ́ẹ̀ lórí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, lójú gbogbo ayé. Ẹni ọdún 77 ni. Ní oṣù kejìlá 2005, ẹ̀jẹ̀ dídì fa rọpárọsẹ̀ kékeré fún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ní ọjọ́ 4, oṣù kìíní 2006, ẹ̀jẹ̀ ńlá dà sínú ọpọlọ rẹ̀. Ìròyìn jáde lẹ́yìn náà pé àwọn dókítà fura sí amyloid yìí nínú iṣan rẹ̀. Kò padà bọ̀ sípò títí tó fi kú ní 2014. N kò sọ pé àwọn dókítà ṣàṣìṣe, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè pa á. Irú ọ̀ràn tó ń dé bá àgbàlagbà nìyẹn, kó sí iwájú ó le, kó sí ẹ̀yìn ó le.

OlùkàÌtàn:

Torí pé ẹ ti ń dárúkọ àwọn olórí ìjọba, ẹ jẹ́ kí n fi Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, kún un. Oṣù kẹta 1944 ni dókítà ọkàn yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 186 lórí 108. Kò sí oògùn gidi tó lè fà á wálẹ̀ nígbà yẹn, àwọn dókítà kan tiẹ̀ gbà pé ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ga kó tó lè dé ọpọlọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹrin 1945, ó mẹ́nu ba orí fífọ́ líle, ó sì dákú. Iye tí wọ́n kà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni 300 lórí 190. Ẹni ọdún 63 ni.

ÌyáÌbejì:

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ "ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ga" yẹn, mo ṣì gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá! Àbúrò bàbá ló sọ ọ́, pé kí wọ́n má fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, pé ní 78 ó ti pẹ́ jù.

Apoògùn_Arúgbó:

Kò pẹ́ jù. Ìwádìí HYVET, tó jáde ní 2008, àwọn tó ti pé 80 nìkan ni wọ́n fi ṣe é, 3,845. Ibi tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ dé ni 150 lórí 80, wọn ò fi ipá fà á wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ikú tí rọpárọsẹ̀ ń fà dín kù ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2001 ìwádìí PROGRESS ti fi hàn pé ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, tó wá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ á dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ lára àgbàlagbà ni kó má wálẹ̀ jù débi pé òòyì á máa kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde. Bí wọ́n bá ṣubú, a tún ti padà sọ́dọ̀ okùn tí nọ́ọ̀sì ń sọ nìyẹn.

Agbẹ̀bí_Kan:

Ẹ ti gbàgbé àwọn tèmi. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ 78, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ 34, àwọn tó kéré jù ńkọ́?

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, pàápàá èyí tí wọ́n bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 32, ibì kan wà láàárín ọpọlọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò tí omi ọpọlọ ń gbé, tí àwọn iṣan rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà, ó sì máa ń pòórá kí ọmọ tó tó àkókò bíbí. Ọmọ tó bá yára wá sáyé á gbé e wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí mímí rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, ẹ̀jẹ̀ á máa ru á máa rọ̀, iṣan wọ̀nyẹn á já. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù máa ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn la ṣe máa ń fọwọ́ mú wọn bí ẹyin. Ibi tó rọ̀ lókè orí ọmọ la máa ń gbé ẹ̀rọ lé láti fi wo inú. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ìyá kó tó bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ọmọ nìkan ló ń ràn lọ́wọ́, ó ń dáàbò bo ibi tí mò ń sọ yìí náà.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ńkọ́? Fítámínì K. Díẹ̀ ló ń gba inú ibi ọmọ kọjá, díẹ̀ ló wà nínú ọmú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò lè dì láìsí i. Mílígíráàmù kan ni à ń fún ọmọ ní itan lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i. Àwọn ìyá kan máa ń ní ká má gún ọmọ àwọn. Ọmọ náà á dáa, á máa mu ọmú, á máa tóbi. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè tó oṣù mélòó kan, kí ẹ̀jẹ̀ tó dà lójijì, nínú nǹkan bí ìdajì irú wọn, inú orí ló sì ń dà sí. (Àwọn adìyẹ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ ni Henrik Dam ará Dẹ́ńmáàkì fi ṣàwárí fítámínì yìí. Òun àti Edward Doisy ará Amẹ́ríkà ló gba ẹ̀bùn Nobel ti 1943.)

Ohun kan tún rèé, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu. Okùn tó nà lórí bàbá 78 yẹn, òun kan náà ló ń já lórí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá gbọ̀n jìgìjìgì torí pé kò dákẹ́ ẹkún. Orí ọmọ tóbi, ọrùn rẹ̀ ò lágbára. Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ìparí rẹ̀, iṣan kan náà.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Àǹtí agbẹ̀bí, ẹ sọ ọ́ re. Ẹ bá wa sọ ti aláboyún náà.

Agbẹ̀bí_Kan:

Ní kúkúrú: ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè fa gìrì, ó sì lè fọ́ iṣan ọpọlọ ọmọbìnrin ọdún 22 tí kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀. Òpin oyún àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ ló léwu jù. Bí iye tòkè bá ti dé 160, a kì í ní "ẹ lọ sinmi nílé". Orí tó ń fọ́ gan-an lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má kà á sí àìsùn ọmọ tuntun.

Màmá_Dára:

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọdún mẹ́jọ ní fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n máa ń ya àwòrán ìṣàn ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣé ẹ̀jẹ̀ dídà yìí ni wọ́n ń wá?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Rárá, ìyá wa. Ní ọjọ́ orí rẹ̀, iṣan tó ń dí ni wọ́n ń wá. Àwọn ọmọdé tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, dídí ló ń bá wọn jà jù. Tó bá wá di láàárín 20 sí 29 ni ti ẹ̀jẹ̀ dídà máa ń pọ̀ jù lára wọn. Àrùn kan náà, ojú méjì ló ní. Ẹ má jẹ́ kó pa àyẹ̀wò yẹn jẹ, nígbà tó bá sì dàgbà, kó má jáwọ́ lọ́dọ̀ dókítà rẹ̀.

Ọ̀dọ́_Òní:

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ ọdún 34 yẹn. Kò ṣubú, kò lóyún 😀, kò lo aspirin. Kí ló ṣe é?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Bí ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ bá wọlé sí wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ohun mẹ́ta la kọ́kọ́ máa ń ronú kàn.

Èkíní, ìdìpọ̀ iṣan tí wọ́n bí i mọ́ ọn (ibi tí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rọ̀Àgbà ti bá a mu nìyẹn). Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn á tú ẹ̀jẹ̀ tààrà sínú èyí tó ń gbé e padà, kò sí àwọn tíntìntín tó yẹ kó wà láàárín tí á dín ipá rẹ̀ kù. Ó lè wà lórí èèyàn fún 20 ọdún láìsọ̀rọ̀. Lára ọmọdé, òun gan-an ni olórí. Èkejì, kokéènì àti àwọn oògùn tó ń mú ojú dá. Wọ́n máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì bí ẹni ta pápá lójú iná.

Ẹ̀kẹta, òun ló pọ̀ jù lára ẹni tó ti kọjá 30: ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Iye tẹ́ ẹ kọ yẹn, 220 lórí 130, kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ lọ́hùn-ún, àwọn iṣan tó fẹ́lẹ́ bí irun ń yọ tààrà lára àwọn ńlá. Ọdún 1868 ni Charcot àti Bouchard ní ilẹ̀ Faransé ti rí àwọn wíwú kéékèèké lára wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń jẹ ògiri iṣan díẹ̀díẹ̀. Àwa ní wọ́ọ̀dù, tá a bá rí ẹ̀jẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ríru la ń fura sí; tá a bá rí i nítòsí ojú ọpọlọ lára ẹni 75, ohun tí apoògùn sọ ló ń wá sí wa lọ́kàn.

Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru àgbàlagbà ló léwu, pé ti ọ̀dọ́ á lọ fúnra rẹ̀. Ìwádìí INTERSTROKE, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 32, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru so mọ́ rọpárọsẹ̀ lára àwọn tí kò tíì ju 55 lọ ju bó ṣe so mọ́ ọn lára àwọn tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì so mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ dídà ju ti iṣan dídí lọ. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀dọ́ ń ní rọpárọsẹ̀ ju àgbà lọ o. Àgbà ṣì pọ̀ jù. Àmọ́ àgbà ní nǹkan púpọ̀ tó lè fa tirẹ̀: ọpọlọ tó súnkì, amyloid, oògùn, ìṣubú. Ọ̀dọ́ ò ní wọn. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń dá nìkan dúró níbẹ̀.

ÌyáÌbejì:

Ẹ ò tíì sọ ti 51 o. Mo bẹ̀ yín. Màámi kú ní 54. Wọ́n di orí mú lójijì, wọ́n ní "orí mi!", ó parí síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.

Láàárín 40 sí 60 ni àkókò irú èyí. Iṣan ńlá tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń wú bí àpò kékeré níbi tó ti pín sí méjì. Tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú yí ọpọlọ ká. Orí fífọ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti dé góńgó. Lẹ́yìn 50, ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bọ́ ọ. Nǹkan bí àgbàlagbà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló ní irú wíwú yìí lórí, èyí tó pọ̀ jù ò sì ní bẹ́ títí ayé, nítorí náà kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún un. Tí ó bá jẹ́ pé ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òbí, ọmọ ìyá àti ọmọ ẹni ló ti ṣe, wọ́n máa ń yẹ ìyókù wò. Ti ìyá yín nìkan lẹ mọ̀?

ÌyáÌbejì:

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ṣe àìsàn orí ní 48. Ó yè é. N kò mọ irú èyí tó jẹ́, a ò béèrè rí.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Ẹ béèrè lónìí. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, ẹ gbé e lọ fún dókítà bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí yìí: ìyá, 54, ẹ̀gbọ́n, 48, èmi, 51.

Ọ̀rọ̀Àgbà:

Mo gba ìdajì tó kù. Ẹ ṣé.

Ìbéèrè kan péré: bó bá ti ṣẹlẹ̀, ṣé ọjọ́ orí ń sọ ẹni tó máa yè?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Ó ní ọwọ́ níbẹ̀. Òǹkà kan wà tí àwọn dókítà ti ń lò láti 2001, àmì mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀: bí ẹni náà ṣe wà lójúfò sí (èyí nìkan lè gba àmì méjì), bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó, ibi tó wà, bóyá ó ti wọ inú ihò omi ọpọlọ, àti ọjọ́ orí. Ẹni tó bá ti pé 80, àmì kan ṣoṣo ni ọjọ́ orí fi kún un. Ọ̀kan nínú mẹ́fà. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbà tí ẹbí bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń bi mí pé ṣé kí àwọn wulẹ̀ máa gbé bàbá lọ sílé.

Ọ̀dọ́_Òní:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbi iṣẹ́ wa, mo gbé e wálé. 164 lórí 102. Bóyá ó ti bà jẹ́?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Ẹ jókòó. Ẹ fara ti ẹ̀yìn àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má ká wọn lé ara wọn. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé pẹ̀lú àyà. Ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, láìtẹ fóònù. Ẹ wá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín wọn.

Ọ̀dọ́_Òní:

158 lórí 100. Lẹ́yìn náà, 160 lórí 98.

Mo pe bàbá mi. Wọ́n ní àwọn ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ìgbà tí àwọn ti wà ní 31. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà ò sì béèrè.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Aago mélòó lẹ máa rí dókítà lọ́la?

Ọ̀dọ́_Òní:

Mẹ́jọ àárọ̀.